Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ bá mi la ọ̀rọ̀ ásíìdì, béèsì àti iyọ̀ yé àbúrò mi

Àǹtí Ìgbógbó
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kẹ́mísìrì ni mo bá wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wojú mi níran. Àbúrò mi ọkùnrin ń wọ SS3 lọ́dún yìí, orí ásíìdì, béèsì àti iyọ̀ ni ò yé e rárá. Tẹ́ ẹ bá ní kó sọ ohun tí ásíìdì jẹ́, á kà á dópin láì mí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wá bi í pé kí ló dé tí wọ́n lo methyl orange níbí tí wọ́n lo phenolphthalein lọ́hùn-ún (índíkétọ̀ ni méjèèjì, àwọ̀ wọn ń yí padà láti fi ásíìdì àti béèsì hàn), ó tán, ṣe lá máa wò yín. Ó tún ń bi mí pé ṣé ásíìdì tó lágbára àti ásíìdì tó ki kì í ṣe nǹkan kan náà ni, mi ò sì fẹ́ sọ ohun tí ò rí bẹ́ẹ̀ fún un torí commercial lèmi ṣe. Èyí tó wá sú u jù ni washing soda. Wọ́n ní iyọ̀ ni, wọ́n tún ní omi ẹ̀ ń sọ bébà lítímọ́ọ̀sì pupa di búlúù bíi ti béèsì, ó ní èwo wá ni, ṣé iyọ̀ ni àbí béèsì? Làbù wà nílé ìwé wọn, bùrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn túùbù gígùn tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì, ni ò kárí, àwọn ọmọ máa ń pé lé ẹyọ kan lórí ni. Kí la lè ṣe nílé tó máa yé e? Ẹ má ní kó lọ crám o, ó ti ṣèyẹn.

Tíṣà Odógunyàn
Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun rèé, ohun tí mo sì máa kọ́kọ́ sọ ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó fojú ara ẹ̀ rí i kó tó ka ìtumọ̀ ẹ̀. Ẹ ra ìṣápá gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe zobo, kékeré ti tó, ẹ sè é lómi kó pọ́n dáadáa, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ má fi ṣúgà sí i ẹ má fi atalẹ̀ sí i. Ẹ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú àwọn kọ́ọ̀bù funfun kẹ́ ẹ sì fomi là á kí àwọ̀ ẹ̀ má ṣú jù. Kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, kó da omi ògì tó ti kan sí ọ̀kan, kó bu iyọ̀ ọbẹ̀ sí ọ̀kan, kó bu omi káún sí ọ̀kan, omi eérú tí wọ́n sẹ́, omi ọṣẹ, kó sì fi ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà kó lè máa fi wé àwọn yòókù. Èyí tó ní ọsàn wẹ́wẹ́ á tún pọ́n sí i ni. Tí káún àti ti eérú á ṣú lọ sí búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Ti iyọ̀ ọbẹ̀ ò ní ṣe nǹkan kan. Kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mu nínú àwọn kọ́ọ̀bù yẹn o. Ìṣápá ti ṣe iṣẹ́ índíkétọ̀ fún un nìyẹn, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ohun tó rí yẹn àti ohun tí lítímọ́ọ̀sì ń ṣe.

Lẹ́yìn náà, kó mú káún tàbí ìkarahun ìgbín tí wọ́n gún, kó da fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, á rí i tó ń hó ṣùù. Carbon dioxide ló ń jáde yẹn, torí ásíìdì bá carbonate pàdé. Iyọ̀, omi àti carbon dioxide ni wọ́n máa ń bí, nígbà gbogbo. Kó kọ ìyẹn náà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé. Tẹ́ ẹ bá rí citric acid gbígbẹ rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan béékì, ẹ pò ó mọ́ baking soda nínú abọ́ gbígbẹ. Kò ní sí nǹkan kan. Ẹ lè gbé e sílẹ̀ fún wákàtí kan kò ní hó. Ẹ wá kán omi sí i, ìgbà náà lẹ máa rí i. Omi ló ń jẹ́ kí ásíìdì hùwà ásíìdì níbẹ̀, torí inú omi ló ti ń tú háídrójẹ̀n áyọ́ọ̀nù, ìyẹn háídrójẹ̀n tó ní iná lára, sílẹ̀. Ohun tí Svante Arrhenius ará Sweden ń sọ nìyẹn, pé nǹkan máa ń pín sí áyọ́ọ̀nù nínú omi. Ó ti ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀ látinú iṣẹ́ tó fi gboyè dókítà ní Uppsala lọ́dún 1884, máàkì tí wọ́n sì fún un nígbà náà ò wú èèyàn lórí rárá, àmọ́ nígbà tó di 1903 ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù yẹn náà ló fún un ní Nobel. Mo máa ń sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ tó rò pé ẹni tí tíṣà ò gba tiẹ̀ ò lè mọ nǹkan kan.

Ọmọ LASUSTECH
Tíṣà ẹ kú iṣẹ́ sà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má fojú di ìtumọ̀ inú ìwé náà o, WAEC máa béèrè ẹ̀. Ti Arrhenius nìkan kọ́ ló wà, Brønsted àti Lowry gbé tiwọn jáde ní 1923, olúkúlùkù lọ́tọ̀, pé ásíìdì lẹni tó ń fi proton (háídrójẹ̀n áyọ́ọ̀nù yẹn náà ni) sílẹ̀, béèsì lẹni tó ń gbà á. Ti Lewis náà jáde lọ́dún yẹn, tiẹ̀ wà lórí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí béèsì ń fún ásíìdì. Tí àbúrò wa bá fẹ́ mọ ìdí tí ammonia fi jẹ́ béèsì nígbà tí kò ní OH, ohun tí Arrhenius ní béèsì ń tú sílẹ̀ nínú omi, kankan lára, ti Brønsted àti Lowry ló máa dá a lóhùn, torí ammonia gba proton lọ́wọ́ omi, OH wá ṣẹ́kù sílẹ̀.

Tíṣà Odógunyàn
Òótọ́ lo sọ, mi ò ní kó má kà á, mo ní kó rí nǹkan kó tó kà á ni.

Ọ̀rọ̀ ásíìdì tó lágbára àti èyí tó ki. Àǹtí, wọ́n yàtọ̀ síra. Ẹ ronú ọkọ̀ ojú omi tó ń gúnlẹ̀ sí Ẹ̀búté láàárọ̀: iye èrò tó wà nínú ọkọ̀ lọ̀tọ̀, iye nínú wọn tó bọ́ sílẹ̀ lọ̀tọ̀. Kíki ásíìdì, iye èrò inú ọkọ̀ ni, ìyẹn bí ásíìdì tó wà nínú omi yẹn ṣe pọ̀ tó. Agbára ẹ̀, ìdá tó bọ́ sílẹ̀ ni, ìyẹn ìdá tó pín sí áyọ́ọ̀nù. HCl (hydrochloric acid), H₂SO₄ (sulphuric acid), HNO₃ (nitric acid), àwọn wọ̀nyí alágbára ni wọ́n, kódà kẹ́ ẹ fomi là wọ́n títí. Ásíìdì inú fínígà, ìyẹn ethanoic acid, aláìlágbára ni, tó bá jẹ́ 0.1 mol/dm³ ni (mol ni òǹkà kẹ́mísìrì fún iye nǹkan, dm³ kan jẹ́ lítà kan), nínú 1000 bíi 13 péré ló máa pín. Ẹ lè wá ní ethanoic acid tó ki gan-an tó máa jó èèyàn lára, kó sì jẹ́ pé aláìlágbára la ṣì máa pè é, ẹ tún lè ní HCl tó ṣàn bí omi kó sì jẹ́ alágbára.

Kó má sì ka háídrójẹ̀n inú fọ́múlà láti fi mọ iye tó ń tú sílẹ̀ o. CH₃COOH ní mẹ́rin, ẹyọ kan péré ló ń jáde. H₃PO₄ ní mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè jáde.

Bàbá Bátìrì, Sábó
Ẹ kú ìjókòó o. Mi ò jókòó nínú kíláàsì kẹ́mísìrì àmọ́ ásíìdì ni mò ń fọwọ́ bá ṣe lójoojúmọ́, ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ fi kún un. Bátìrì mọ́tò, òjé ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú sulphuric acid. Tí bátìrì bá ti ń kú lọ, ásíìdì inú ẹ̀ ló ń dín kù, á di iyọ̀ òjé tó lẹ̀ mọ́ àwọn páànù méjèèjì, omi á wá pọ̀ sí i. Ìyẹn la ṣe ń ti háídrómítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí omi bátìrì ṣe wúwo sí ju omi lásán lọ, bọ̀ ọ́, bátìrì tó kún dáadáa máa ń ka bíi 1.26 sí 1.28, tó bá ti wálẹ̀ gan-an ẹ mọ̀ pé ásíìdì ti lọ di iyọ̀. Tá a bá ṣájì ẹ̀, iyọ̀ yẹn tún máa padà di ásíìdì. Bátìrì tí wọ́n fi sílẹ̀ ní òkú fún oṣù gbọọrọ, iyọ̀ yẹn á le mọ́ páànù lára, kò ní fẹ́ gba iná mọ́. Torí náà tí omi bátìrì bá lọ sílẹ̀, omi díísítílì lẹ máa dà sí i, kì í ṣe ásíìdì, torí omi ló lọ.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yẹn, tí wọ́n bá ń po ásíìdì, ásíìdì lẹ ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi sínú ásíìdì tó ki láéláé. Ooru tó máa jáde níbẹ̀ á mú omi hó lójijì á sì ta sójú. Tá a bá ń ṣájì, háídrójẹ̀n náà ń jáde, ẹ má ṣáná síbẹ̀ ẹ má mu sìgá níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgríìkì
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ yín torí mo máa ń rí i. Tí ásíìdì bá ta sí ọmọ lára, omi ni, omi tó ń ṣàn, bíi ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kẹ́ ẹ bọ́ aṣọ tó bá a kúrò lára ẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ ọsibítù. Tó bá jẹ́ ojú ni, kẹ́ ẹ má dúró rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ la ojú ẹ̀ kí omi máa ṣàn wọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé tó bá jẹ́ ásíìdì kẹ́ ẹ da baking soda lé e, tó bá jẹ́ kọ́sítíìkì kẹ́ ẹ da fínígà lé e kí wọ́n lè pa agbára ara wọn. Ẹ má ṣe é. Nígbà tí ásíìdì àti béèsì bá ń pa agbára ara wọn, ooru ń jáde, orí awọ tó ti bó yẹn sì ni ooru náà máa wà.

Èkejì, ẹ má po blíìṣì mọ́ àwọn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ní ásíìdì nínú. Gáàsì chlorine ló máa jáde, nínú bálùwẹ̀ kékeré tí ò ní fèrèsé ó lè pa èèyàn.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìjẹ̀dé
Ẹ ṣé o nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa. Èmi ń se ọṣẹ, dúdú àti funfun, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ eérú yẹn ló mú mi dá sí i. Èèpo kòkó la máa ń sun tó bá ti gbẹ, a ó wá rẹ eérú ẹ̀ a ó sẹ́ ẹ, omi ẹ̀ ń yọ̀ mọ́wọ́ gan-an ó sì ń jẹ ọwọ́ tó bá pẹ́. Omi yẹn la fi ń se àdín. Ọmọ mi obìnrin tó ka sáyẹ́ǹsì ló sọ fún mi pé potassium ló pọ̀ nínú eérú yẹn, òun ló jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀, tó bá jẹ́ kọ́sítíìkì sódà la fi sè é, sodium ló wà nínú ìyẹn, ọṣẹ á le á ṣeé gé. Ó tún ní ọṣẹ gan-an iyọ̀ ni! Mo ní iyọ̀ kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, epo ní ásíìdì tiẹ̀ nínú, béèsì bá a, iyọ̀ ni wọ́n bí. Tíṣà ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Èmi náà mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi ọṣẹ, ọṣẹ yẹn á bàjẹ́ lójú yín, á di funfun wúruwùru, kò ní hó mọ́.

Tíṣà Odógunyàn
Ìyá, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ìbéèrè washing soda yẹn lẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn. Ẹ wò ó: iyọ̀ ní bàbá àti ìyá, ásíìdì kan àti béèsì kan. Tí méjèèjì bá lágbára, bíi HCl àti NaOH (kọ́sítíìkì sódà), iyọ̀ tí wọ́n bí á wà láàárín, òun la ṣe rí i pé iyọ̀ ọbẹ̀ ò yí àwọ̀ ìṣápá padà. Tí béèsì bá lágbára tí ásíìdì ò lágbára, iyọ̀ náà á ṣe bíi béèsì nínú omi. Washing soda ni Na₂CO₃, NaOH alágbára àti carbonic acid tí ò lágbára ló bí i. Carbonate inú ẹ̀ máa ń já háídrójẹ̀n gbà lára omi, OH á wá ṣẹ́kù sílẹ̀, lítímọ́ọ̀sì á di búlúù. Ọṣẹ náà bẹ́ẹ̀, ásíìdì inú epo ò lágbára, ìdí tí omi ọṣẹ fi ń yí ìṣápá padà nìyẹn. Tí ásíìdì ló bá wá lágbára tí béèsì ò lágbára, bí ammonium chloride, á ṣe bí ásíìdì. Torí náà kí àbúrò wa dáhùn pé iyọ̀ ni, iyọ̀ tí omi ẹ̀ ní ìwà béèsì. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Wúruwùru tí Ìyá rí yẹn, ásíìdì inú epo ló jáde padà, torí citric acid lágbára ju òun lọ ó sì gba ipò ẹ̀ lára iyọ̀.

Tó bá ti yé e báyìí, ọ̀rọ̀ índíkétọ̀ ti rọrùn. Ibi tí títréṣọ̀n, ìyẹn dída ásíìdì àti béèsì pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi bára dọ́gba, ti parí, iyọ̀ nìkan ló wà nínú fúláàsìkì, bí iyọ̀ yẹn bá ṣe hùwà lẹ ṣe máa mú índíkétọ̀. pH ni òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí béèsì sí, 7 ló wà láàárín, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ásíìdì, òkè ẹ̀ béèsì. Phenolphthalein ń yí àwọ̀ láti bíi pH 8.2 sí 10, methyl orange láti bíi 3.1 sí 4.4. Fínígà àti NaOH, iyọ̀ wọn á ju 7 lọ, phenolphthalein. HCl àti Na₂CO₃, methyl orange, torí carbon dioxide tó bá yọ́ sómi á sọ ọ́ di ásíìdì díẹ̀. HCl àti NaOH, èyíkéyìí nínú méjèèjì, torí pH ń fò kọjá àwọn méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀kán kan. Ásíìdì aláìlágbára àti béèsì aláìlágbára, kó má dán índíkétọ̀ kankan wò níbẹ̀.

Ẹlẹ́ja Ìmọ́tà
Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ pH torí owó mi wà níbẹ̀. Ará Denmark kan, Sørensen, ló mú un wá ní 1909, nínú làbù Carlsberg, ilé iṣẹ́ tó ń pọn bíà. Ẹ sọ fún un pé ipele kan ìlọ́po mẹ́wàá ni o. Omi tó wà ní pH 5, ìlọ́po 100 ni ásíìdì inú ẹ̀ fi ju ti omi tó wà ní 7. Ẹni tó bá rò pé 7 sí 5 kò ju méjì lọ, ẹja ẹ̀ máa kú. Ẹja àrọ̀ mi, mo máa ń fẹ́ kí omi wọn wà láàárín 6.5 sí bíi 8.5. Láàárọ̀ kùtù ó máa ń wálẹ̀ torí ẹja àti ewé inú omi ti mí carbon dioxide jáde mọ́jú, ní ọ̀sán ewé omi á ti fa carbon dioxide yẹn lò, pH á gòkè. Torí náà ẹni tó wọn omi lọ́sàn-án nìkan ò tíì mọ nǹkan kan nípa pọ́ńdù ẹ̀.

Tí omi bá ti kan jù, láìmù àgbẹ̀ la ń dà sí i, calcium carbonate ni, jẹ́jẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Láìmù tí wọ́n fi ń kun ilé, calcium hydroxide nìyẹn, ó gbóná, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà sí omi tí ẹja wà nínú ẹ̀. Tí ammonia bá sì ti pọ̀ nínú omi, ẹ má sáré gbé pH sókè, torí bí pH bá ṣe ń gòkè ni ammonium tí ò fi bẹ́ẹ̀ lóró ń di ammonia tó ń pa ẹja. Béèsì àti ásíìdì náà nìyẹn, nínú pọ́ńdù.

Ọmọ LASUSTECH
Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́ja, ẹ ṣeun sà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe apá títréṣọ̀n torí ibẹ̀ ni máàkì wà. Bùrẹ́ẹ̀tì, ásíìdì tó máa wọ inú ẹ̀ ni kó fi ṣan án. Pìpẹ́ẹ̀tì tó fi ń wọn béèsì sínú fúláàsìkì, béèsì ni kó fi ṣan án. Fúláàsìkì, omi díísítílì nìkan, tó bá fi béèsì ṣan fúláàsìkì, béèsì inú ẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tó wọ̀n lọ nìyẹn. Kó yọ fọ́ńẹ̀lì kúrò lórí bùrẹ́ẹ̀tì kó tó kàwé, kó fi ojú ṣe déédéé pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ibi tí omi tẹ̀ kọ̀dọ̀rọ̀, kó sì kọ ọ́ ní désímà méjì, 24.5 kò tó, 24.50 ni. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe láti fojú wò ó, kó má fi kún àròpín. Àwọn tó bá fi máa ṣàròpín kò gbọdọ̀ fi ju 0.20 jìnnà síra.

Ìṣirò rèé. Ká ní HCl 0.10 mol/dm³ ló wà nínú bùrẹ́ẹ̀tì, Na₂CO₃ 25.00 cm³ ló wà nínú fúláàsìkì, ó ní 24.55 àti 24.45, àròpín ẹ̀ 24.50. HCl tó lò, 0.10 × 24.50 ÷ 1000, ó jẹ́ 0.00245 mol. Ibi tí wọ́n máa ń ṣubú sí rèé: HCl méjì ló ń bá Na₂CO₃ kan, 2HCl + Na₂CO₃ → 2NaCl + H₂O + CO₂. Torí náà ó máa pín in sí méjì, 0.001225 mol, kó wá pín in sí 25.00, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 1000 láti rí iye tó wà nínú 1 dm³, 0.049 mol/dm³. Na₂CO₃ jẹ́ 106 g/mol, 0.049 × 106 fún un ní 5.194 g/dm³. Ẹni tó gbàgbé 2 yẹn máa gba 0.098, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ á dára, ìdáhùn ẹ̀ á sì bàjẹ́. Kó kọ ìdọ́gba yẹn sókè ìwé kó tó ṣe ohunkóhun.

Àǹtí Ìgbógbó
Háà, Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti ra ìṣápá. Àbúrò mi jókòó tì mí báyìí, ó ka gbogbo ẹ̀, ó ní ọkọ̀ Ẹ̀búté yẹn yé òun. Ó ní kí n bi Tíṣà ìbéèrè kan sí i: tí wọ́n bá ní kí òun ṣe iyọ̀ kan, báwo lòun ṣe máa mọ ọ̀nà tó yẹ? Àti pé báwo lòun ṣe máa dá zinc àti aluminium mọ̀ yàtọ̀ torí tí wọ́n bá da NaOH sí omi iyọ̀ wọn, àwọn méjèèjì ń mú funfun wá.

Tíṣà Odógunyàn
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, ẹ bá mi kí i. Ohun àkọ́kọ́ tó máa bi ara ẹ̀ ni pé ṣé iyọ̀ yẹn ń yọ́ nínú omi àbí kò yọ́. Gbogbo nitrate ló ń yọ́. Gbogbo iyọ̀ sodium, potassium àti ammonium ló ń yọ́. Chloride ń yọ́ àfi ti fàdákà àti ti òjé, ti òjé ń yọ́ nínú omi gbígbóná. Sulphate ń yọ́ àfi ti barium àti òjé, ti calcium ń yọ́ díẹ̀. Carbonate kì í yọ́ àfi ti sodium, potassium àti ammonium. Tí kò bá yọ́, kó po omi iyọ̀ méjì tó ń yọ́ mọ́ra wọn, èyí tí ò yọ́ á rọ̀ sísàlẹ̀, kó sẹ́ ẹ, kó fi omi ṣan án, kó gbẹ ẹ́. Tó bá yọ́, kó gba ọ̀nà ásíìdì: copper sulphate, copper oxide inú sulphuric acid tí wọ́n ti là, kí wọ́n gbé e kaná, kó da oxide yẹn sí i títí yóò fi ṣẹ́kù kó lè mọ̀ pé ásíìdì ti tán, kó sẹ́ ẹ, kó jẹ́ kí omi ẹ̀ dín kù lórí iná, kó wá gbé e sílẹ̀ kó tutù, kírísítáálì búlúù á jáde. Kó má lo kọ́pà fúnra ẹ̀ o, kọ́pà ò lè lé háídrójẹ̀n jáde nínú ásíìdì tí wọ́n ti là.

Ti zinc àti aluminium, NaOH ò ní dá wọn mọ̀ fún un, àwọn méjèèjì á funfun, tó bá pọ̀ sí i àwọn méjèèjì á yọ́. Kó lo ammonia. Funfun ti zinc á yọ́ tí ammonia bá pọ̀, ti aluminium ò ní yọ́. Kó máa dà á ní ẹ̀kán ẹ̀kán, kó sì máa gbọn túùbù yẹn lẹ́yìn ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń da gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, funfun yẹn á ti wá á ti lọ kí wọ́n tó wojú túùbù.